Táyà Ni Kí A Kọ́kọ́ Rà Kí A Tó Fi Kún Agbára Ọkọ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni; ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ asáré máa rántí nígbà tí wọ́n bá ń ka owó sílẹ̀ fún mẹkáníìkì pé kí ó fi kún agbára ẹ́ńjìnì, nítorí pé táyà ni ọkọ̀ fi ń di ilẹ̀ mú, ẹni tí kò bá sì tíì pèsè rẹ̀ kò tíì tó ẹni tí í wá agbára kún agbára. Àṣà kan ni mo dìde takò, èyí tí ó ti gbilẹ̀ láàárín àwọn onímọ́tò wọ̀nyí, pàápàá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: àṣà kí a kọ́kọ́ ra ẹṣin, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń ka agbára ẹ́ńjìnì, kún ẹṣin tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì, kí a tó wá fi ojú ẹwà yan táyà, bí owó bá ṣẹ́kù. Mo ní àṣà náà kò dára; ó ń jẹ owó, ó sì lè jẹ ènìyàn pẹ̀lú.

Nínú ọ̀wọ́ ọdún 2015 ni ilé-iṣẹ́ Dodge gbé Challenger SRT Hellcat jáde, ọkọ̀ tí wọ́n tò ní ìlú Brampton ní Kánádà, abú-ramúramù-bí-kìnnìún, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 707. Táyà tí wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ ni 275/40ZR20, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Nígbà tí wọ́n wọn eré rẹ̀ lábẹ́ ìlànà NHRA, ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso irú eré ìje bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 11.2 sá ìdámẹ́rin máìlì. Wọ́n wá bọ́ táyà títì náà kúrò, wọ́n fi táyà onírọ́bà rírọ̀ tí a ṣe fún eré ìje rọ́pò rẹ̀, wọn kò fi ẹṣin kan ṣoṣo kún ẹ́ńjìnì. Ọkọ̀ kan náà sá ọ̀nà kan náà ní 10.8. Ẹni tí ó bá mọ eré yìí mọ̀ pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi agbára ẹ́ńjìnì nìkan rà á, àpò rẹ̀ yóò gbẹ kí ó tó rí i.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ní gíà kìn-ín-ní, nígbà tí gíà àti díìfù bá ti sọ ipá ẹ́ńjìnì náà di ìlọ́po, ipá tí ó ń fẹ́ jáde lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ ju ìwọ̀n gbogbo ọkọ̀ náà lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà wọn nǹkan bí 2,000 kìlógírààmù. Ṣùgbọ́n ìdajì ìwúwo náà pàápàá kò sí lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ń ti ọkọ̀ lọ, nítorí pé ẹ́ńjìnì wúwo, iwájú ni ó sì jókòó sí. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fi ara kan ilẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ọwọ́ àgbàlagbà kan tí a tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Orí ibi kékeré méjì yìí ni gbogbo ẹṣin 707 ti ń wá ọ̀nà kọjá. Nígbà tí ẹnìkan bá wá lọ fi púlì kékeré sí supercharger rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, kí ó lè rí ẹṣin 100 tàbí 200 sí i, tí táyà kò sì yí padà, kí ni àfikún náà rí ṣe bí kò ṣe èéfín, àti rọ́bà tí ó jóná mọ́ ojú títì? Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà gan-an kò bá wa jiyàn. Nígbà tí ó di ti ọdún 2018, wọ́n fẹ ara ọkọ̀ náà ní ìǹṣì 3.5 kí táyà 305/35ZR20 lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ lórí rímù oníìǹṣì 11. Nínú ọ̀wọ́ ọdún kan náà ni wọ́n gbé Demon jáde, àbúrò ìjì, adẹ́rù-ba-títì, ọkọ̀ ẹṣin 808, tí wọ́n fi táyà 315/40R18 sí lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbi nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn yẹn. Agbára lọ sókè, rímù wá sílẹ̀: 20 di 18. Àwo bírékì mílímítà 360 ni wọ́n fi sí iwájú rẹ̀ dípò 390 tí Hellcat ń lò, kí ó lè fúyẹ́, kí rímù kékeré náà sì lè gbà á. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì ni wọ́n ṣe èyí. Síbẹ̀ ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ kan náà yóò gbé e lọ kún agbára, yóò sì gun rímù 22 lé e, pẹ̀lú táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, kìkì nítorí pé ó wu ojú.

Nọ́ńbà ara táyà kì í ṣe àdììtú. Nínú 275/40ZR20, 275 ni ìbú táyà ní mílímítà. 40 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà. 20 ni ìǹṣì rímù. Ẹ̀gbẹ́ táyà Hellcat nígbà náà jẹ́ mílímítà 110, ti Demon jẹ́ 126. Mílímítà 16 yìí lè má jọ ohun tí ó tó nǹkan lójú ẹni tí kò mọ̀, àmọ́ òun ni ó ń ká, tí ó sì ń nà, nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná lójijì. Ẹ̀gbẹ́ táyà yóò kọ́kọ́ gba ìjá náà sí ara, rọ́bà yóò sì ti di ilẹ̀ mú kí agbára tó dé tán. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò já, bí ó bá sì ti já, ó tán, nítorí pé rọ́bà tí ń yọ̀ kì í mú ilẹ̀ tó èyí tí ń yí geere.

Gíga táyà lódindi, láti ilẹ̀ dé òkè, tún wà níbẹ̀: 728 ni ti Hellcat àkọ́kọ́, 709 ni ti Demon. Ẹni tí ó bá gun táyà tí ó ga ju ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ lọ ń gba lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì ohun tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, nítorí pé bí táyà bá ti ń ga sí i ni ipá tí ó ń dé ilẹ̀ ń dín kù. Èyí tí ó kúrú díẹ̀ ń fi ipá kún ipá lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ aago eré yóò máa purọ́ díẹ̀, bí ó bá ń ka 100, nǹkan bí 97 ni ọkọ̀ ń sá. Kí ìyàtọ̀ náà má ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Àwọn kan gbà pé kí a sáà ti ra táyà tí ó fẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. N kò bá wọn gbà. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà kò bá yí padà, fífẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ibi tí ó kan ilẹ̀ di púpọ̀. Ìrísí rẹ̀ ni ó ń yí padà, tí ó ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí ó sì ń kúrú sí iwájú. Iṣẹ́ tí fífẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ooru rí ibi tú ká sí, ó sì ń jẹ́ kí a lè lo rọ́bà tí ó rọ̀ láìjẹ́ pé ó tètè jẹ tán. Irú rọ́bà ni àgbà, ìbú ni àbúrò rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo rímù ni ó gba táyà fífẹ̀: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Rímù oníìǹṣì 9.5 tí Hellcat àkọ́kọ́ ń lò bá 275 mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún 315 mọ́ ọn yóò rí i pé ẹ̀gbẹ́ táyà fún, àárín rẹ̀ wú, àárín náà nìkan ni yóò sì máa kan ilẹ̀ dáadáa títí tí yóò fi jẹ tán.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà wà nínú ọkọ̀ òde òní, pé òun ni yóò dá a dúró bí táyà bá ń yọ̀. Ọ̀nà wo ni ó ń gbà dá a dúró? Ó ń gba agbára náà padà ni. Ẹ san owó ẹṣin 200, kọ̀ǹpútà ń so wọ́n mọ́ èèkàn nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ gùn wọ́n. Àwọn mìíràn ní táyà fífẹ̀ onírọ́bà rírọ̀ léwu nínú òjò. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Táyà fífẹ̀ a máa tètè léfòó lórí omi, ojú ìlà èyí tí a ṣe fún eré ìje kò sì jinlẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ẹni tí ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní ìmọ̀ràn pé kí ó gun táyà Demon. Kí ó ra ojúlówó táyà títì, kí ó sì ní òmíràn fún pápá eré. Bí kò bá lówó méjèèjì, a jẹ́ pé kò tíì lówó àfikún agbára.

Ó ku ohun tí ojú kì í tètè rí. Lẹ́tà tí ó tẹ̀lé nọ́ńbà táyà ń sọ eré tí ó lè fara dà: H kò kọjá kílómítà 210 ní wákàtí kan, Y dé 300. Hellcat lè sá ju 300 lọ. Ẹni tí ó bá fi H sí i lẹ́sẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó ń fi ẹ̀mí ṣòwò. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn kóòdù DOT sì ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Èyí kan àwa tí a wà nílé gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé irú ọkọ̀ wọ̀nyí ń gba orí omi wọ Èkó, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tilẹ̀ ka táyà tòkunbọ̀ mọ́ ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé, gbangba ni wọ́n ti ń tà á. Fọkanáísà yóò fi nǹkan dúdú pa á lára kí ó máa dán, ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti le, kò sì sí ìbú kan tí ó lè sọ rọ́bà tí ó ti gan di rírọ̀ mọ́.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ onímọ́tò kò pọ̀. Kí ó pín owó rẹ̀ sí méjì, kí ó fi ti àkọ́kọ́ ra rímù tí ó fẹ̀ tó àti táyà tuntun, kí ó sì wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú agbára tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ títí yóò fi mọ ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìgbà náà ni kí ó tó gbé owó kejì tọ mẹkáníìkì lọ. Bí ó bá sì débẹ̀, tí ọ̀gá mẹkáníìkì náà ń ka iye ẹṣin tí yóò fi kún un láìbi í léèrè pé irú táyà wo ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ àti pé ọdún wo ni a ṣe é, kí ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.