Ó Yẹ Kí LASU Náwó Lé Kantíkantí

Ẹni tó bá dúró nídìí apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti ń jẹrà ní ọjà Alábà Ràgó yóò rí kantíkantí, kòkòrò kékeré olójú pupa tí a kàn ń fi ọwọ́ lé dànù. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni orírun rẹ̀, òun ló sì kọ́ àwọn onímọ̀ bí ọmọ ṣe ń di odindi nínú ẹyin. Èrò mi ni pé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó wà ní Ọ̀jọ́ níbí kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Jíìnì ló ń sọ irú pùròtéènì tí ara yóò ṣe, ojú lásán kò sì lè rí iṣẹ́ tí pùròtéènì ń ṣe. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, ọ̀wọ́n àlùbọ́sà fi iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ náà han gbogbo Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì tó bàjẹ́ ṣe ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus ba jíìnì kantíkantí jẹ́ ní Heidelberg, ní Jámánì, wọ́n sì ń wo ohun tí ọmọ inú ẹyin pàdánù: òmíràn ń fo oríkèé ara kan sí èkejì. Iṣẹ́ yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995.

Wọ́n lè ní ènìyàn kì í ṣe kòkòrò. Òótọ́ ni, àmọ́ kantíkantí tí jíìnì rẹ̀ tó ń jẹ́ eyeless bá bàjẹ́ lè máà lójú rárá. Ènìyàn náà ní irú rẹ̀, PAX6. Bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́, wọ́n lè bí ọmọ láìní òbìrí aláwọ̀ tó yí ihò dúdú ẹyinjú ká. Àtakò tó tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé ìbàjẹ́ kan lè fa òmíràn, kó sì ṣì wá lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ Walter Gehring ní Basel fi gbé e gba òdì kejì: ní 1995, wọ́n mú kí jíìnì náà láti ara eku ṣiṣẹ́ ní ẹsẹ̀ kantíkantí. Ojú hù sí ẹsẹ̀, ojú kantíkantí sì ni, kì í ṣe ti eku. Pùròtéènì náà ló pàṣẹ pé kí ojú hù. Ara kòkòrò ló mọ irú ojú tí yóò ṣe.

Ní ti owó, ìgò, ìyẹ̀fun àgbàdo, ìwúkàrà àti ṣúgà ni ohun ọ̀sìn rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 10 sì ni ẹyin fi ń di àgbà. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń fi í ṣe ìwádìí. Àwa tí a ń bèèrè jẹ́nótáìpù kí a tó gbéyàwó mọ ohun tí àléébù kan nínú jíìnì lè dá sílẹ̀ nínú ilé. Kí ìjọba Èkó ya owó sọ́tọ̀, kí àwọn ọmọ Ọ̀jọ́ àti Òkókómáíkò lè kọ́ bí a ṣe ń wá ìdí irú àléébù bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.