ÒKUN KAN KÌ Í DÁ GBÉ

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Ènìyàn ni àwọn àgbà ń bá wí, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó bá ọ̀rọ̀ òkun mu pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé òkun tí ó wà níwájú Èkó nìkan ló kàn wá. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo El Niño. Àwọn apẹja ilẹ̀ Pẹ́rù ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ṣàkíyèsí pé nígbà Kérésìmesì, omi òkun wọn a máa móoru, ẹja a sì wọ́n. Ni wọ́n bá fi orúkọ Jésù Ọmọ-ọwọ́ pè é. Ní 1969, Jacob Bjerknes ṣàlàyé pé omi Pàsífíìkì àti afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ti ara wọn. Bí omi gbígbóná bá ṣí kúrò ní ìwọ̀-oòrùn òkun náà lọ sí àárín àti ìlà-oòrùn rẹ̀, òjò á bá a lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó gòkè níbẹ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀ níbòmíràn.

Níbi tí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Òkun Íńdíà, ìkùukùu á dínkù, oòrùn á máa ta sí omi láìsí ìdíwọ́. Ẹ̀fúùfù náà á rọ̀. Ẹni tí ó bá wẹ̀ tán tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí lára mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni ń mú ara tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun: bí ẹ̀fúùfù kò bá fẹ́ dáadáa, ara rẹ̀ á gbóná. Láàárín oṣù mélòó kan, Òkun Íńdíà á ti gba nínú ooru Pàsífíìkì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Lẹ́yìn El Niño 1997 sí 1998, iyùn inú Òkun Íńdíà, ìbátan iyùn tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn, funfun báláú ní Maldives àti Seychelles, púpọ̀ sì kú. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 16 nínú 100 òkìtì iyùn gbogbo àgbáyé ló bàjẹ́ lọ́dún 1998.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ló kan oko bàbá òun? Bí omi òkun gúúsù wa bá gbóná jù, òjò a máa pọ̀ létí òkun, a sì máa ṣọ̀wọ́n lókè ọ̀hún ní Sahel. Bí ó bá tutù ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, ó wà lára ohun tí ń mú òjò dá díẹ̀ kí àrọ̀kúrò tó dé. Ṣùgbọ́n n kò ní í tàn yín: Pàsífíìkì kì í pàṣẹ fún òkun yìí nígbà gbogbo. Lẹ́yìn El Niño kan, omi wa a móoru. Lẹ́yìn òmíràn, a tutù, nítorí òun náà ní ẹ̀fúùfù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá di ẹrù gbogbo ọ̀dá lé El Niño lórí kò sàn ju ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: kí ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ mọ̀ nípa òkun àti ojú ọjọ́, àti àwa tí a ń kọ́ Yorùbá, jókòó pọ̀, kí a wá ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ yóò fi gbọ́ ọ. Apẹja Pẹ́rù kò dúró de ọ̀mọ̀wé kí ó tó sọ ohun tí ó rí lórúkọ. Àwa tí a ti ní àrọ̀kúrò lẹ́nu, kí ló ń dí wa lọ́wọ́?