Ìlànà Ìjọba àti Ará Ìjagun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìlànà ìjọba kò ju ìwé tí akọ̀wé ń lu òǹtẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpinnu tí ará ìlú ń gbé owó wọn lé ni. Ní 2005 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Táí Ṣólàrín sílẹ̀ ní Ìjagun. Onílé kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́, olóúnjẹ gbé ìkòkò kaná. Ní 2012, ìjọba Gómìnà Amósùn kéde pé òun yóò dà á pọ̀ mọ́ Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n yí i padà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yá owó kọ́lé, èlé rẹ̀ kì í dúró de ìkéde kejì. Èmi kò wí pé kí ìjọba má ṣe yí ọkàn padà o. Kí wọ́n tó kéde, ta ni wọ́n bi léèrè ní Ìjagun?