Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Kí A Gé

Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kan gbogbo wa tí a ń fi fóònù ra gààrí, tí a sì ń fi í san owó ilé-ìwé: ìkọlù tí àwọn ọ̀daràn fi ń dí ẹ̀rọ ayélujára, tí oníbàárà gidi kò fi ní ráyè wọlé.

Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Kantin Kwari, ọjà tí àwọn èèyàn ti ń wá ra àtàǹpá àti ṣáddà láti Niger àti Chad. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà dàwátì, oníbàárà kan fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Wọ́n yọ owó lọ́wọ́ tirẹ̀, kò dé ọwọ́ ìyá mi. "Babu network" ni gbogbo ọjà ń wí. Ọjọ́ kẹta kí owó tó wọlé, àwọn méjèèjì ti ń fi ojú olè wo ara wọn.

Ìkọlù kọ́ nìyẹn o. Gbogbo ìlú ló sáré wọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí agbára ẹ̀rọ kò gbé e. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó dúró nídìí káńtà, èrò àti ìkọlù jọ ara wọn. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ìkọlù náà fúnra rẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà méjì tó bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀kan á kí, èkejì á dáhùn, ẹni tó kọ́kọ́ kí á fèsì pé òun ti gbọ́. Ọ̀daràn á kí, kò sì ní fèsì mọ́. Ó dà bí ẹni pé igba ènìyàn ya wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, tí kálukú ní kí ó tú ìdì ṣáddà kan fún òun, tí gbogbo wọn sì pòórá. Orí káńtà ti kún, ẹni tó mú owó lọ́wọ́ kò rí ibi dúró. Irú èyí ló dá Panix dúró ní New York ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996. Lọ́dún yẹn kan náà ni D. J. Bernstein mú ọgbọ́n kan wá: kí olùtajà má tíì tú ìdì kankan, kí ó kọ àmì sórí bébà pélébé, kí ó fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí oníbàárà pè. Ẹni tó bá mú àmì padà ni a ó tú aṣọ fún. Ẹni tó purọ́ àdírẹ́sì kò ní rí bébà gbà.

Ní ti ìdámọ̀, ìyá mi mọ bí ọjà ṣe ń rí lọ́jọ́ lásán, ó sì mọ bó ṣe ń rí bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Alábòójútó ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èrò Iléyá ń béèrè oríṣiríṣi nǹkan, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń parí ọjà. Èrò ìkọlù sábà máa ń ya dé lójijì, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè láìsinmi, ìkíni wọn sì pọ̀ ju ìfèsì lọ. Ẹ kíyè sí i: ìwà ni a ń wò. "Níbo lo ti wá?" kò sí níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà mi wà. Bí ìkọlù bá dé, ohun tó yá àwọn kan lára jù ni kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ odindi orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀, gbogbo wa la jọ ń jìyà rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní Yorùbá ní Kánò, tí wọ́n tún ń pè ní ará Kánò bí mo bá dé Ìbàdàn, mo mọ bó ṣe ń dunni kí wọ́n fi ibi tí a ti wá dá wa lẹ́jọ́. Ẹnìkan lè ní kò sí àyè ìwádìí nígbà tí ilé bá ń jó. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ìdènà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti wákàtí díẹ̀, kí ó má di òfin.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìkan kọ́ ni a sì ti ń dá àgbàrá dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àgbàrá òjò wọ Kantin Kwari, ó ba ọjà jẹ́ rẹpẹtẹ, àwọn èèyàn sì ń ké pé wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí ojú ọ̀nà omi. Òkè ni kí a ti darí omi. Láti ọdún 2000 ni ìwé ìmọ̀ràn BCP 38 ti ní kí àwọn tó ń pèsè ayélujára má jẹ́ kí ohun tó gbé àdírẹ́sì èké jáde lọ́dọ̀ wọn.

Àwa náà ńkọ́? Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní ọdún 2016, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, gba owó láti kọlu ilé-iṣẹ́ fóònù Lonestar ní Liberia. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ayélujára inú ilé àwọn aláìṣẹ̀ ló kó jọ ṣe ọmọ ogun. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn bí àwọn tó ni wọ́n kò bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà tó bá wọn wá láti ilé-iṣẹ́ padà. Ẹ̀wọ̀n oṣù 32 ni wọ́n dá fún un ní London ní oṣù kìíní ọdún 2019.

Nítorí náà, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ẹ ó di alábòójútó lọ́la, bí ọwọ́ yín bá dé orí ẹ̀rọ, ẹ wo ìwà kí ẹ tó wo ìlú. Ẹ̀yin ilé ìfowópamọ́, òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti ní kí ẹ fi ìkọlù tó ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ tó ìjọba létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún oníbàárà náà. "Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" kò tó ìdáhùn fún ẹni tí owó rẹ̀ há sáàárín ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta.