Fínfín ìbàdí kò sọ ọmọbìnrin di aṣẹ́wó

Níbi ìnáwó òkú kan tí mo lọ ní Ìbàdàn láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó ń pín oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì omi inú ọ̀rá nílẹ̀. Búláọ̀sì rẹ̀ sún sókè díẹ̀, gbogbo àwa tí a jókòó sídìí tábìlì náà sì rí òdòdó tó fín sí ìbàdí. Òdòdó náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí ọmọ náà tó nàró tán, bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti dá ẹjọ́ rẹ̀: "Aṣẹ́wó nìyẹn. Ẹ ò rí òǹtẹ̀ lára rẹ̀ ni?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi kún un pé ilé tó dáa kò lè fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọmọ ìwòyí ti ba àṣà Yorùbá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣà tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì. Bí bàbá náà bá sọ pé òun kò fẹ́ràn fínfín ara, n kò ní bá a jà. Ohun tó wu oníkálukú ló ń pè ní ẹwà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi orúkọ àwọn baba ńlá wa ti irọ́ lẹ́yìn, ó yẹ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Kí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yàwòrán sára tó dé Èkó rárá ni olóòlà ti ń fi abẹ kékeré ṣe kóló fún àwọn obìnrin wa. Ẹ má ṣe kà á mọ́ ilà ojú. Àbàjà, pélé àti gọ̀mbọ́ ń sọ ìdílé tàbí ìlú tí ènìyàn ti wá, òbí ló sì ń kọ wọ́n fún ọmọ tí kò tíì lè sọ pé òun kò fẹ́. Oge ni ti kóló. Ọmọge tó ti bàlágà ló ń jókòó fún olóòlà, tí yóò ṣá a wínníwínní, tí yóò sì fi ohun dúdú pa ojú ọgbẹ́ náà kí àwòrán lè hàn nígbà tó bá jinná. Wọ́n ń ṣe é sí ọwọ́, wọ́n ń ṣe é sí itan, wọ́n sì ń ṣe é sí ẹ̀yìn. Henry John Drewal, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí Arnold Rubin ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1988. Ó ṣàlàyé pé ìgboyà wà nínú kóló: obìnrin tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ abẹ ti fi hàn pé òun lè fara da ìrora.

Ìyá tó bí bàbá mi ní in. Èmi ni mo máa ń fi kàìnkàìn bá wọn fọ ẹ̀yìn nílé ìwẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì máa ń ka àwọn àpá dúdú kéékèèké náà, tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ láti àárín ẹ̀yìn lọ sí ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn wà. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé ta ló ṣe é fún wọn. Wọ́n ní owó àwọn ni àwọn fi ṣe é nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, pé bàbá àgbà kò tíì mọ ojú àwọn nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bí ọmọ méje, wọ́n ta aṣọ òfì títí ojú wọn fi di bàìbàì, ipò Ìyá Ìjọ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi kú. Kí bàbá ọjọ́ yẹn wá pè wọ́n ní aṣẹ́wó kí a jọ gbọ́.

Ìbàdí yẹn kan náà ni bẹ̀bẹ̀ àti jìgìdá ń gbé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Kò sí ẹni tó ń rí gbẹ́rẹ́ tó ń bèèrè iye ọkùnrin tí aláìsàn náà ti mọ̀.

Níbo wá ni èébú náà ti wá? Láti Amẹ́ríkà ni. Ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ṣòkòtò jíǹsì tí kò dé ìbàdí àti búláọ̀sì kúkúrú gbòde, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fín labalábá àti òdòdó sí ibi tí aṣọ méjèèjì kò bò. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́yà fi sọ ọ́ ní orúkọ tó túmọ̀ sí òǹtẹ̀ oníṣekúṣe. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn ń pè é ní ìwo àgbọ̀nrín orí ìdí. Òǹtẹ̀ tí bàbá náà dárúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wa rárá. Èébú òyìnbó ló gbé wọ agbádá, tó wá ń fi bá ọmọ wí pé ó ń ṣe bí òyìnbó.

Àwọn kan yóò sọ pé Bíbélì ni àwọn ń tẹ̀lé. Ìyẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti àṣà lọ. Léfítíkù 19, ẹsẹ 28, kọ̀ ọ́ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ààfáà náà sì ń kọ́ni pé èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́, kí ó pa á mọ́, kí ó sì pè é ní ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 27 tó ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí gígé etí irùngbọ̀n, ẹsẹ 19 sì kọ aṣọ tí a fi oríṣi òwú méjì hun. Bàbá tí mò ń sọ yìí fá àgbọ̀n rẹ̀ kodoro, n kò sì rò pé òwú kan ṣoṣo ni wọ́n fi hun aṣọ ẹbí tó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi pàápàá kò mọ́. Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo gbé àkọlé kan sórí àwòrán òṣèré obìnrin kan tó fín ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò mú kí ìwé tà. Ó sì tà. N kò bèèrè lọ́wọ́ ara mi bí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ṣe kà á.

Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kì í tán sídìí tábìlì ìrẹsì. Ẹ rántí ohun tí ojú àwọn ọ̀dọ́ rí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá SARS. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, Amnesty International gbé ìròyìn jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ 82, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 títí di oṣù karùn-ún 2020, tó dá lórí ìfìyàjẹni, ìlùkulù àti ìpànìyàn láìsí ìdájọ́. Fínfín ara àti irun dàda wà lára ohun tí wọ́n fi ń pe ọ̀dọ́ ní olè tàbí ọmọ Yahoo ní ojú títì. Ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní oṣù kẹwàá ni ìjọba tó kéde ní ọjọ́ 11 pé òun ti tú ikọ̀ náà ká. Àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyẹn kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Inú ilé tí a ti ń fi ara ènìyàn dá ẹjọ́ ìwà rẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ bínú nítorí fínfín ara, ohun tó yẹ ká bínú sí wà. Abẹ́rẹ́ tí wọn kò sè, tí wọ́n fi fín ara ẹnì kan tí wọ́n tún fi fín ti ẹlòmíràn, lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú àti kòkòrò HIV kiri. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 24, kọ kíkọ ilà tàbí fífín ara fún ọmọdé, ìtanràn rẹ̀ kò sì ju 5,000 náírà lọ, owó tí kò tó ra adìyẹ kan lónìí. Ẹ bá wa pariwo lórí ìyẹn. Ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọmọdé, òfin kankan kò sì ní kí ó wá gba àṣẹ lọ́wọ́ wa.

Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fa búláọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gbé ojú sókè mọ́ nígbà tó kúnlẹ̀ gbé omi síwájú bàbá náà. Bàbá gba omi, ó mu ún. N kò sọ̀rọ̀, nítorí pé ó jù mí lọ, àwọn ọlọ́jọ́ sì wà nítòsí. Èsì tí n kò fọ̀ nìyí. Bí bàbá náà bá rí i kà, kí ó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè ohun tó wà lẹ́yìn ìyá tó bí ìyá rẹ̀.