Kí ni Igi Píìṣì Ń Wá ní Onitsha?

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn tí ń polongo iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà, láti orí àwọn aláṣẹ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta ọ̀gbìn igi lórí fóònù, pé ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí lọ́ràá débi pé kò sí ohun tí ènìyàn jù sínú rẹ̀ tí kò ní hù. Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, ó sì tún rọrùn láti fi pa owó, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń yí àwọn onílé lọ́kàn padà ní ìlú bí Onitsha, pé kí wọ́n ra igi píìṣì tí wọ́n pè ní "irú ti ilẹ̀ gbígbóná", kí wọ́n gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sì máa retí èso tí wọ́n ti ń rà nínú agolo láti ọjọ́ yìí wá.

Píìṣì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prunus persica, jẹ́ èso roboto tí awọ rẹ̀ ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó ní omi dáadáa, tí kóró líle kan ṣoṣo sì wà láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, ilẹ̀ tí ó ní ìgbà òtútù gidi, ìgbà òtútù yìí sì ni igi náà gbé gbogbo ayé rẹ̀ lé. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú tí òtútù sì ń mú, igi náà a wọ́ ewé dànù, a sì sun oorun kan tí ooru nìkan kò lè jí i nínú rẹ̀: òtútù ni í jí i. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn a máa ka gbogbo wákàtí tí ojú ọjọ́ fi wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àpapọ̀ èyí ni wọ́n sì ń pè ní wákàtí òtútù. Ọ̀pọ̀ irú píìṣì tí wọ́n ń gbìn fún ọjà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń béèrè láti nǹkan bí 600 dé 1,000 irú wákàtí bẹ́ẹ̀ lọ́dún, bí iye náà kò bá sì pé, ewé yóò rú ségesège, òdòdó yóò gbẹ kí ó tó là, èso kò sì ní sí. Onitsha ńkọ́? Etí Odò Ọya ni ó wà, kò sí òkè gíga kankan tí yóò mú kí ojú ọjọ́ rẹ̀ tutù, òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ó mú jù lọ níbẹ̀ kò sì sún mọ́ ìwọ̀n 7 rárá. Nítorí náà, wákàtí òtútù Onitsha kì í ṣe díẹ̀, kì í sì í ṣe ìwọ̀nba: òfo ni. Ọ̀rá ilẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn òǹtajà ní èsì, èsì wọn sì ń jẹ́ Florida. Òtítọ́ ni pé láti àwọn ọdún 1950 ni Yunifásítì Florida ti ń ṣe àdàlù irú píìṣì kan mọ́ òmíràn kí wọ́n lè rí èyí tí kò béèrè òtútù púpọ̀. Irú tí wọ́n pè ní Flordaprince ń fẹ́ nǹkan bí wákàtí 150, UFSun ń fẹ́ nǹkan bí 100. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Florida tí wọ́n ń fi wé Onitsha yìí ni òtútù ti pa igi ọsàn rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní ọdún 1983 àti ní ọdún 1989, omi sì máa ń dì sójú ewé níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá sọ pé wákàtí 100 kò tó nǹkan ti gbàgbé pé 100 kì í ṣe òfo, àti pé kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yọ 100 nínú òfo.

Àwọn mìíràn a ní wọ́n ń ká píìṣì ní Colonia Tovar ní Venezuela, ní ilẹ̀ olóoru. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí òkè gíga. Wọn a ní ápù ń so ní Batu ní erékùṣù Java. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí òkè ni ìyẹn náà, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń fi ọwọ́ já gbogbo ewé igi náà lẹ́yìn ìkórè kí wọ́n lè tàn án jẹ pé ìgbà òtútù ti dé. Wọn a ní Jos tutù. Jos ga ju 1,200 mítà lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ píìṣì lè kó lọ síbẹ̀ láti lọ gbìyànjú. Ti ẹni tí ó ní igi tòun ti yọ ewé tútù yọ̀yọ̀ kò ṣòro láti dáhùn, torí ewé kọ́ ni ó sanwó fún. Ó ku ẹni tí yóò fi yìnyín yí ìdí igi ká lóru, tàbí tí yóò kọ́ yàrá amóhuntutù fún un. Ìyẹn yóò ní láti ra díísù púpọ̀ fún jẹnẹrétọ̀, píìṣì rẹ̀ yóò sì di èso tí ó wọ́n jù lọ láyé. Kò tíì kan ti eṣinṣin èso tí ń ba máńgòrò jẹ́ kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ píìṣì kò lè dènà, tàbí ti aràn inú ilẹ̀ tí ń sọ gbòǹgbò rẹ̀ di kókó kókó.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé Onitsha kò ṣàìní igi tirẹ̀. Àgbálùmọ̀, tí àwọn Ìgbò ń pè ní udara, máa ń so nígbà ọyẹ́ gan-an láìbéèrè wákàtí òtútù kan ṣoṣo, ó sì níyì débi pé ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbò wọn kì í ká a lórí igi, èyí tí ó bá fúnra rẹ̀ já bọ́ ni wọ́n ń ṣà. Ube, èso aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń jẹ àgbàdo sísun nígbà òjò, náà wà níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ní akọ àti abo, akọ kì í sì í so tàbí kí ó so ìwọ̀nba, nítorí náà ẹni tí ó gbin kóró lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó mọ̀ pé akọ ni òun ń bomi rin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ ti wà, àwọn olùwádìí nípa igi oko ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù sì ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gidigidi: wọn a bó èèpo ẹ̀ka igi tí èso rẹ̀ dùn yíká, wọn a fi ilẹ̀ tútù àti ọ̀rá dì í títí yóò fi ta gbòǹgbò, lẹ́yìn náà ni wọn a gé e lọ gbìn. Irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń so bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́, kì í ga jù, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún bíi mẹ́ta. Bí ìdajì ariwo tí wọ́n ń pa lórí píìṣì bá wà lórí èyí, ọ̀rọ̀ ìbá ti yàtọ̀.

Àmọ́ ibo ni wọn yóò tilẹ̀ gbìn ín sí? Ọ̀pọ̀ ọgbà ilé ní Onitsha àti àyíká rẹ̀, láti Fegge dé Awada, ni wọ́n ti fi kọnkéré àti íntálọ́ọ̀kì bò láti ẹnu géètì dé ìdí ògiri, tí onílé kò fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ láti mí. Ìlú yìí kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tò síwájú gbogbo ìlú inú àkójọ rẹ̀ ti ọdún 2016 nítorí eruku inú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú 594 máíkírógíráàmù eruku PM10 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, nígbà tí ìwọ̀n tí àjọ náà fàyè gbà nígbà náà jẹ́ 20. Ìlú tí ó gba irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ó ń gé igi tí ó bá lọ́wọ́, tí ó ń da sìmẹ́ǹtì sórí ibi tí òjò ìbá gbà wọlẹ̀, tí ẹnu sì tún ń yà á nígbà tí àgbàrá bá wọ ṣọ́ọ̀bù. Gómìnà Charles Soludo ti pín ọ̀gbìn ọ̀pẹ àti àgbọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará Anambra. Kí ìjọba rẹ̀ fi ube tí ó ti ta gbòǹgbò láti orí ẹ̀ka kún un, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fọwọ́ sí àwòrán ilé sì máa béèrè, kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀, ibi tí ilẹ̀ lásán wà nínú àwòrán náà.