Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Nínú Gbọ̀ngàn Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ láwùjọ. Ṣùgbọ́n bí ìtìjú bá pa wá lẹ́nu mọ́, àwa náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìlú jẹ́ ohun àmúyangàn. Ọ̀yọ́ ní Gbọ̀ngàn Àtìbà, tí ń jẹ́ orúkọ Aláàfin tí ó tẹ Ọ̀yọ́ ti ìsinsìnyí dó. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀. Mápó tí a ṣí ní ọdún 1929 sì dúró lórí òkè ní Ìbàdàn. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, òrùlé, ọ̀dà àti àga ni a kọ́kọ́ ń rò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ a di ohun tí a ń fi owó tí ó bá ṣẹ́kù ṣe, bí owó bá ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti wí pé ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo wà ní ìpàdé kan rí, ní ìlú tí èmi kì yóò dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ọjà ni a ń sọ, ìyá arúgbó kan sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ní àárín ọ̀rọ̀ ni ó dìde. Ó bá ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní títì pa. Ìyá gba ilé lọ, kò sì padà. A ṣe ìpinnu láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ǹjẹ́ a lè pe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní ti ìlú?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìyàgbẹ́ ní gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2025. Ọdún náà dé, iṣẹ́ kò parí. Àṣẹ nìkan kò lè gbẹ́ kòtò, kò sì lè pọn omi. Àrùn onígbáméjì kò sì mọ ìjòyè yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá fọwọ́ kan ilé àtijọ́, iyì rẹ̀ yóò bàjẹ́. Iná jó ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. A tún un kọ́, Akẹ̀sán náà ni ó ń jẹ́ síbẹ̀. A lè kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn láìwó ògiri àtijọ́ kan.

Nítorí náà, kí a tó ra ọ̀dà, kí a kọ́kọ́ ya owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ti obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kí ó sì ṣe é tì láti inú. Kí ọ̀kan wà tí kò ní àtẹ̀gùn, nítorí arúgbó àti arọ. Kí kànga jìnnà sí kòtò tó 100 ẹsẹ̀ bàtà. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a gba olùtọ́jú, kí a sì máa san owó oṣù rẹ̀ láti inú owó tí àwọn onínàáwó fi ń gba gbọ̀ngàn. Láìsí èyí, kí ọdún tó yí po, gbogbo rẹ̀ yóò ti padà sí bí ó ti wà.

Ẹ jẹ́ kí ìyá tí ó bá tún dìde nínú ìpàdé wa lè padà wá jókòó, kí ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.